Àpáta Tí Fóònù Mi Gbàgbé Ibi Tó Wà

Ọkùnrin náà gbé káàdì kámẹ́rà kan, kékeré bí èékánná, sórí tábìlì mi ní Garki, Àbújá, ó sì fi ìka kan tì í sọ́dọ̀ mi.

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń jí òkú fáìlì."

"Ó kù sí bó ṣe kú, sà."

Iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo ń tún fóònù ṣe, mo sì ń wá ohun tó bá sọnù nínú rẹ̀. Fótò ìgbéyàwó ni wọ́n sábà máa ń gbé wá, tàbí ohùn ìyá tó ti kú. Nígbà tí ti ọkùnrin yìí ṣí, kòtò ni mo rí. Kòtò, kòtò, kòtò, tí wọ́n fi okùn dá igun wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ògiri wọn gún bí ìgbà tí ọ̀bẹ gé ọṣẹ. Igi kékeré kan wà nínú gbogbo wọn, wọ́n kùn ún ní dúdú, funfun, dúdú, funfun.

"Ta ló ń ya kòtò ní fótò báyìí, sà?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní awalẹ̀pìtàn lòun, pé igi yẹn wà níbẹ̀ kí ẹni tí kò dé ibẹ̀ lè mọ bí nǹkan ṣe tóbi tó. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn fótò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín sì ń kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nọ́ńbà tí kámẹ́rà fún wọn nìkan ni wọ́n ń jẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ kòtò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ síbì kankan.

"Mẹ́fà la gbẹ́," ló wí. "Mi ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́."

"Ṣé ẹ ò lè padà lọ wò ó ni?"

"Ilẹ̀ tí a bá ti gbẹ́, a ò lè tún un gbẹ́. Àwọn fótò yìí ló kù tó jẹ́ ilẹ̀ náà. Fótò tí kò sì sọ ibi tó ti wá, òkú ni. Ẹ jí i lóòótọ́, àmọ́ òkú ni."

Ó mú káàdì rẹ̀, ó lọ. Mi ò lè fọwọ́ kan fóònù mìíràn lọ́jọ́ náà. Mo ti rò pé mo mọ gbogbo ọ̀nà tí fáìlì ń gbà sọnù: omi, iná, ìṣubú, ọmọdé. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé fáìlì lè wà lódidi, kó ṣí geere, kó sì ti sọnù. Ọjọ́ yẹn ni nǹkan náà wọ̀ mí lára.

*

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Mo ti pẹ́ ní Àbújá, ìlú náà kò sì tíì fẹ́ràn mi. Èmi náà kò fẹ́ràn rẹ̀, àwa méjèèjì sì mọ̀ ọ́n.

Lọ́sẹ̀ tí mo dé, mo kúnlẹ̀ kí obìnrin àgbà kan lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì kan. Ó wo ilẹ̀, ó wò mí, ó bi mí pé kí ló já bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo dìde, mo gbọn orúnkún mi. Títì gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé tó o bá kí ẹni tó wà ní òdì kejì, ohùn rẹ yóò ṣubú sáàárín. Ibi tó o ti wá ni wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó béèrè orúkọ rẹ. Onílé mi ní Kábúsà béèrè rẹ̀, ó ní òun gbọ́ pé àwọn Yorùbá máa ń pariwo. Ọlọ́kadà bá gbọ́ Haúsá ọjà tí mò ń sọ, á ní, "Kai, Bayarabiya!", ìyẹn obìnrin Yorùbá, bí ẹni tó rí ewúrẹ́ nínú mọ́tò.

Bí mo bá sì lọ sílé fún ọdún, wọ́n á ní ará Àbújá ti dé. Wọ́n á fi aṣọ nu àga kí n tó jókòó. Àlejò ni wọ́n ń nu àga fún.

Torí náà, nígbà tí ọkùnrin yẹn ní òkú ni ohun tí kò sọ ibi tó ti wá, ó dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo kọ́ ìyókù iṣẹ́ títọ́jú fótò fúnra mi. Mo ń wo fídíò, mo ń ka ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́, mo ń fi ife, bàtà àti orí àwọn tí wọ́n bá gbà fún mi dánra wò. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ohun kan yíká lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà kí kọ̀ǹpútà lè fi fótò wọ̀nyẹn mọ odidi rẹ̀, tí wàá lè yí i, tí wàá lè wọn kòtò àti gegele ara rẹ̀. Mo kọ́ pé ẹ̀dà kan kì í ṣe ẹ̀dà. Mẹ́ta ló yẹ kó wà, kí wọ́n má sì jọ wà nínú irú ẹ̀rọ kan náà, kí ọ̀kan sì wà nílùú mìíràn. Mo kọ́ pé kọ̀ǹpútà lè ka fáìlì láti orí dé ẹsẹ̀, kó sì fún un ní nọ́ńbà gígùn kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Bí ẹyọ ohun kan bá yí padà nínú fáìlì náà, nọ́ńbà á yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ la fi ń mọ̀ bóyá àkókò ti ń jẹ ẹ́.

Ìyá mi kò yé béèrè lórí fóònù.

"Kí lò ń kọ́ nísinsìnyí?"

"Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú fótò ohun àtijọ́, Màámi."

"Ṣé fótò náà ń ṣàìsàn ni?"

"Ó máa ń ṣàìsàn, Màámi."

"Háà. Ìwọ lo ò sì tíì lọ́kọ."

Síbẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí parí, tí mo ní kó bá mi tọ́jú ẹ̀dà kẹta rẹ̀, ó gbà á. Ẹni tó ń lọ sílé ni mo fi ẹ̀rọ tí ẹ̀dà náà wà nínú rẹ̀ rán. Ó pè mí lọ́jọ́ tó dé: "Nǹkan dúdú rẹ ti dé o. Mo ti fi gèlè wé e, ó wà nínú àpótí."

"Ẹ má jẹ́ kí ooru mú un, Màámi."

"Ooru kẹ̀? Ibi tí aṣọ ìgbéyàwó mi wà ló wà."

*

Abúlé kan wà létí ìlú yìí. Kábúsà kọ́, kì í sì í ṣe Òrózó. Ẹ má wulẹ̀ máa wá a kiri. Gbàgyí ni wọ́n, àwọn tí obìnrin wọn ń fi èjìká ru ẹrù dípò orí. Lẹ́yìn abúlé náà ni àpáta pẹrẹsẹ kan wà, ojú ọlọ sì kún ara rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ọlọ tí a fi ń lọ ata yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Àmọ́ òkúta kékeré nínú ilé kọ́ ni tiwọn. Ara àpáta gan-an ni àwọn obìnrin ti ń lọ ọkà láyé àtijọ́, wọ́n jókòó ti ara wọn, kálukú sí ojú tirẹ̀, títí àpáta fi jẹ gbun-un lábẹ́ ọwọ́ wọn. Òmíràn jìn tó bẹ́ẹ̀ tó lè gba ìgbá omi kan. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí wọn, mo lọ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ọ̀kan. Ó dán bí eyín.

Èéfín gbé mi dìde. Àwọn tó ń fọ́ òkúta tà fún àwọn akọ́lé wà ní apá kejì àpáta náà. Wọ́n ń to ògbólógbòó táyà sórí rẹ̀, wọ́n ń dáná sí i títí òkúta á fi sán, wọ́n á sì fi òòlù parí rẹ̀. Ọ̀gá wọn ni Múfù, ọmọ Ọ̀yọ́, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí èéfín bí. Ó rí mi pẹ̀lú fóònù mi àti igi dúdú-funfun tí mo fúnra mi kùn.

"Àǹtí!" ló ké sí mi ní Yorùbá. "Ṣé òkúta ń ṣọjọ́ ìbí ni?"

Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Ìsìnkú rẹ̀ ni," ni mo dá a lóhùn. "Ẹ̀yin lẹ pa á."

"Níbo lẹ ti wá?"

"Ògbómọ̀ṣọ́."

"Òkúta ò tán ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ lọ ya tiyín. Ọwọ́ baálẹ̀ wọn la ti gba ibí, iná wa á sì dé ibi pẹrẹsẹ yẹn láìpẹ́. Ẹni tí iná bá bá níbẹ̀, ẹ má sọ pé mi ò wí."

Mo ti ń wá ẹnu tí mo máa fi bú u nígbà tí igi mi fò kọjá lójú mi wọ inú igbó. Obìnrin arúgbó kan ti sọ igi ìdáná kalẹ̀ láti èjìká rẹ̀, ó ti fa igi ìwọ̀n mi yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, ó sì ti jù ú nù. Gbogbo abúlé ń pè é ní Kàkà, ìyá àgbà ní Haúsá.

"Sànnu, Kàkà," ni mo fi kí i.

Ó nàka sí ògiri ilé kan tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí pé wọ́n máa wó o.

"Ẹni tó wá ṣáájú rẹ náà gbé igi. Ó ya fótò, ó kọ nọ́ńbà. Nígbà tó lọ, pupa dé. Bayarabiya, máa lọ."

Mo lọ. Mo bínú dé Kábúsà. Mo bínú sí Múfù, mo bínú sí Kàkà, mo bínú sí ìlú tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbé kámẹ́rà, katakata tí ń wólé ló ń tẹ̀ lé e. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé mo mọ̀ pé òtítọ́ ni Kàkà sọ.

*

Mo padà lọ, Kàkà tún lé mi. Mo tún padà. Lọ́jọ́ yẹn, ó jókòó síwájú ilé rẹ̀, kò wo ojú mi.

"Iná wọn á jẹ gbogbo ojú ọlọ yẹn, Kàkà," ni mo wí. "Mi ò lè dá wọn dúró. Mo lè mú un pa mọ́."

"Mo gbọ́. Fóònù rẹ yẹn, ṣé ó mọ ibi tó wà?"

Mo lè purọ́. Ta ló máa já mi?

"Ó mọ̀. Ó ń kọ ọ́ sínú fótò kọ̀ọ̀kan, níbi tí ojú kì í ti rí i."

"Nọ́ńbà?"

"Nọ́ńbà ni. Ẹni tó bá ní in lè rìn wá síbí láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Jẹ́ kó gbàgbé."

Ara mi gbóná. Mo fi Haúsá ọjà mi ṣàlàyé títí tó fi tán lẹ́nu mi: kòtò mẹ́fà, ọkùnrin awalẹ̀pìtàn, iṣẹ́ tó ṣòfò. "Kàkà, fótò tí kò mọ ibi tó ti wá, òkú ni!"

"Jẹ́ kí fótò rẹ kú, tó bá fẹ́ kú. Ilé mi ni mi ò fẹ́ kó kú."

Mo ní, "Mo gbọ́." Mo ṣí fóònù níwájú rẹ̀, mo pa ibi tó ti ń gba nọ́ńbà, mo ya ẹsẹ̀ ara mi ní fótò, mo sì fi hàn án pé àyè tí fóònù ń kọ ibi sí ṣófo. Kò mọ̀wé. Ó wo ojú mi ni, kò wo fóònù. "To," ló wí, ìyẹn ó dára, ó sì wọlé.

*

Ọjọ́ Ẹtì ni mo ṣe é, torí pé Múfù àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń lọ kí Jímọ̀, iná á sì kú díẹ̀. Ọyẹ́ ti dé. Mo kórìíra ọyẹ́ Àbújá, ó ń la ètè, ó ń mú gbogbo nǹkan dà bí ẹni tí wọ́n da eérú lé lórí. Àmọ́ lọ́jọ́ náà ó ṣe mí lóore tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe mí ní ìlú yẹn. Ó fi eruku bo oòrùn, òjìji tó mú kò sí nínú ojú ọlọ kankan. Òjìji ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí. Kọ̀ǹpútà máa ń rò pé ara òkúta ni.

Mo fi ìgbálẹ̀ ọwọ̀ gbá àpáta náà. Mo to igi ìwọ̀n mẹ́rin sí igun rẹ̀. Mo yí i ká lórí ìnàró, mo yí i ká lórí ìkúnlẹ̀, mo sì fi àyà fà yíká rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Fótò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gun orí èyí tó ṣáájú rẹ̀ bí páànù òrùlé ṣe ń gun ara wọn, àìṣe bẹ́ẹ̀, omi á wọlé. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá ni mo yà.

Múfù ti dé láti mọ́ṣáláṣí kí n tó parí. Ó dúró lórí àpáta, ó wọ jalamíà funfun, ó ń wò mí bí mo ṣe ń rá kiri.

"Ẹ kúrò, òjìji yín," ni mo wí láìgbójú sókè.

"Òjìji èmi wo? Ṣé oòrùn wà ni?"

"Bàtà yín wà nínú fótò."

Ó sọ̀kalẹ̀. "Ògbómọ̀ṣọ́," ló wí, ó sì pòṣé. "Wèrè wọn a máa lẹ́kọ̀ọ́." Ó lọ bọ́ jalamíà rẹ̀, kò sì dáná títí mo fi palẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kejì, ó dáná. Nígbà tí mo tún débẹ̀, dúdú ni àpáta náà, ó ti là bí búrẹ́dì, àwọn obìnrin sì jókòó tì í, wọ́n ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Mo mú ẹ̀là kan tó dán lápá kan. Mo mọ ohun tó jẹ́. Mo sọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn, torí pé oúnjẹ wọn ni.

*

Kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ pẹ́. Nígbà tí àpáta náà jáde lójú rẹ̀, mo kígbe nínú ṣọ́ọ̀bù débi pé oníbàárà kan sá sẹ́yìn. Mo lè yí i. Mo lè wọn ìjìnlẹ̀ ojú ọlọ kọ̀ọ̀kan. Mo fi ohun tí mo fi ọwọ́ wọ̀n lórí àpáta gan-an yẹ̀ ẹ́ wò, àṣìṣe rẹ̀ kò ju mílímítà méjì lọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì: ogójì ojú ọlọ.

Mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ fún Kàkà. Mo rò pé yóò yọ̀. Ó fà á mọ́ra, ó ní kí n yí i síbí, kí n yí i sọ́hùn-ún, ó ń ka orúkọ àwọn obìnrin lábẹ́ ètè, ìka rẹ̀ ń fi epo sójú ẹ̀rọ. Ó dé igun kan, ó dúró.

"Níbo ni ti ìyá mi wà?"

"Ogójì náà nìyẹn, Kàkà."

"O yọ ìyá mi kúrò. Ẹ̀yin yìí!"

"Mi ò yọ ẹnikẹ́ni."

Ó fi èékánná gún ojú ẹ̀rọ, mo sì fẹ́ ké. Ibi tó gún, mo ti rí i tẹ́lẹ̀. Mo ti rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá àpáta náà ni, torí kò jìn, kò sì tẹ́ bí ìyókù. Ó dà sápá kan.

"Alọ́wọ́ òsì ni," ni Kàkà wí. "Wọ́n máa ń jẹ́ kó jókòó síparí, kí apá rẹ̀ má baà gbá ẹlòmíràn. Ó kú kí tirẹ̀ tó jìn."

Mo wọ̀n ọ́n. Mílímítà mẹ́sàn-án péré ló jìn. Ìyókù fi díẹ̀ dà sí apá ọ̀tún, òun nìkan ló dà sí òsì. Mo pe ìyá mi níbẹ̀.

"Màámi, alọ́wọ́ òsì tó bá ń lọ ata, ṣé ọlọ rẹ̀ máa ń jẹ sápá kan?"

"Ọlọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ń kọ́? Kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ ọ̀tún lò ó. Gbogbo ata á dà sílẹ̀." Ó tún bi mí: "Ṣé ohun tí wọ́n ń rán ẹ lọ ṣe ní Àbújá nìyẹn?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, Màámi."

Kàkà kò dúpẹ́. Ó ní, "Kọ ọ́ báyìí kí n rí i." Mo kọ ti ìyá rẹ̀ mọ́ ogójì náà. Lẹ́yìn náà ni mo fún un ní fláàṣì kan, tí mo kọ ibi tí àpáta náà wà sínú rẹ̀, nínú rẹ̀ nìkan. Mo ní, "Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á wá bá yín." Ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀. Ó wá ní kí n máa lọ, kí n má sì mú ẹnikẹ́ni wá.

*

Ilé àkójọ kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó fẹ́ràn irú nǹkan báyìí ń fi iṣẹ́ wọn sí. Mo fi ránṣẹ́. Wọ́n dá a padà: dandan ni kí n kọ ibi tó wà. Àwòrán ilẹ̀ ayé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí n ṣáà fi ìka kan tẹ ibẹ̀. Mo sún un mọ́ra títí mo fi rí òrùlé Kàkà. Ìka mi wà lókè rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti kọ́ ń sọ fún mi pé kí n tẹ̀ ẹ́, pé láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òkú ni mo gbé wá.

Mo ronú nípa gbogbo àwọn tó ti bi mí níbo ni mo ti wá, tí kò sí ìkankan nínú wọn tó fẹ́ mọ̀ mí. Mo pa àwòrán náà dé. Mo kọ̀wé sí wọn pé ibi náà kò sọnù, pé ẹnì kan ló mọ̀ ọ́n, ọwọ́ rẹ̀ ló sì wà. Wọ́n ní ta ni yóò bá wọn béèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Mo ní èmi ni. A jà lórí rẹ̀ pẹ́, mi ò sì fi ọ̀wọ̀ jà. Nígbà tó yá, wọ́n gbà á.

Lọ́sẹ̀ yìí ni mo yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ẹ̀dà Garki, ẹ̀dà Kábúsà, àti èyí tí ìyá mi tú gèlè lára rẹ̀ kí àbúrò mi lè fi sínú kọ̀ǹpútà, kó ka nọ́ńbà rẹ̀ fún mi lórí fóònù. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì ń fi ìka tẹ̀ lé e lójú ẹ̀rọ tèmi. Kò sí èyí tó yàtọ̀. Ohun tó wà lójú ewé rẹ̀ ní ilé àkójọ náà nìyí: ojú ọlọ, mọ́kànlélógójì, àṣìṣe, mílímítà méjì, ibi, ẹ béèrè lọ́wọ́ onílẹ̀.